Iná Tó Ń Ṣẹ́jú Lójú Ọ̀nà Márosẹ̀

Tí ẹ bá fẹ́ rí obìnrin tí iṣẹ́ ara rẹ̀ dá lójú, ẹ wá wo Ẹnjiníà. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é nìyẹn, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọn eré tí àwọn ọkọ̀ ń sá lójú ọ̀nà márosẹ̀, kó sì sọ fún ìjọba bóyá eré náà pọ̀ jù tàbí kò pọ̀. Bó bá ti sọ̀rọ̀ lórí eré ọkọ̀, ẹ lọ jókòó, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá bá a jiyàn lẹ́ẹ̀kan kì í tún un ṣe, torí yóò yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, yóò sì máa ṣírò fún onítọ̀hún títí onítọ̀hún yóò fi bẹ̀bẹ̀ pé òun ti gbà.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ kan ló gbòde. Ìjọba fẹ́ gbé gbèdéke eré sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti la ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ọkọ̀ kankan má ṣe kọjá àádọ́fà kìlómítà ní wákàtí kan. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ di àádóje. Àwọn oníṣòwò fẹ́ ẹ, àwọn ọlọ́kọ̀ èrò fẹ́ ẹ, àwọn tó ra mọ́tò olówó ńlá tí wọn ò tíì ríbi sá a tẹ́rùn sì fẹ́ ẹ ju gbogbo wọn lọ. Ìgbìmọ̀ kan ni yóò jókòó lé e lórí, Ẹnjiníà sì ni wọ́n máa pè pé kó wá sọ ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ fi hàn.

Ìwọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró lórí àwọn afárá tó gba òkè ọ̀nà kọjá, wọ́n ti na ẹ̀rọ ìwọneré sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀, ohun tí wọ́n rí sì dùn ún gbọ́. Jẹ́jẹ́ làwọn awakọ̀ ń lọ. Ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn ń sá, àwọn kan lé díẹ̀, àwọn alágídí ò tó nǹkan.

"Ṣé ẹ rí i," ló sọ fún ọ̀gá àgbà, "àwọn èèyàn wa ò sáré bí a ṣe rò. Tí ẹ bá gbé e dé àádóje, ìwọ̀nba ni wọ́n máa fi kún un. Ọ̀nà yẹn á gbà á."

Ọ̀gá àgbà fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ló fún òun ní irú òṣìṣẹ́ yìí.

Ohun kan sì wà lẹ́yìn ayọ̀ Ẹnjiníà tí kò sọ fún ọ̀gá àgbà o. Ọkọ rẹ̀ ni.

Afẹ́fẹ́ làwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ọkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì èrò ńlá kan aláwọ̀ búlúù ló ń wà, láti ìlú tí wọ́n ń gbé lọ sí ìlú kan tó jìnnà réré ní ìpẹ̀kun ọ̀nà márosẹ̀. Bó bá sá eré tí òfin wí, àtilọ àtibọ̀ ò lè bọ́ sí ọjọ́ kan náà, torí wákàtí tí awakọ̀ èrò lè fi jókòó sídìí síárìn lóòjọ́ ní iye. Nítorí náà, ọjọ́ kan nílé, ọjọ́ kan lẹ́yìn odi ni ìgbé ayé rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Yàrá kan wà lókè gáréèjì ìlú kejì, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé kan tí kì í pa dé dáadáa. Ibẹ̀ ló ń sùn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn ti wá búra pé lọ́jọ́ tí gbèdéke bá di àádóje, lílọ bíbọ̀ di ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Afẹ́fẹ́ á máa sùn nílé ara rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, lójoojúmọ́ ayé.

Ẹ wá sọ fún mi, obìnrin wo ni ò ní fẹ́ ẹ? Ẹnjiníà fẹ́ ẹ débi pé ó ti ń lá àlá rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé fẹ́ ẹ, torí ojoojúmọ́ ló ń béèrè pé, "Ṣé tiwa ni Dádì lónìí àbí ti ìlú kejì?" Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, sì fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ èémí.

"Ìyàwó mi," lobìnrin náà máa ń wí, "bá mi sọ fún wọn kí wọ́n gbé eré yẹn sókè. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ẹ̀fọn ìlú onílùú ń fi ṣe oúnjẹ alẹ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i."

Adùn tilẹ̀ ti ń yọjú ṣáájú. Láti bí oṣù kan, Afẹ́fẹ́ ti ń dé ní ìrọ̀lẹ́ àwọn ọjọ́ tó yẹ kó sùn lọ́hùn-ún. Ó ní ọ̀gá àwọn ń dán ètò tuntun wò díẹ̀díẹ̀. Á wọlé tẹ̀rín tẹ̀rín, á gbé ọmọ sókè, á ní ọ̀nà dá. Ẹnjiníà á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á jókòó tì í, á máa wò ó. Obìnrin tó jẹ́ pé tí ẹ bá sọ ìgbà tí ẹ kúrò nílé àti ìgbà tí ẹ dé, yóò ti sọ eré tí ẹ sá fún yín kí ẹ tó tu bàtà, kò ṣírò ti ọkọ ara rẹ̀ rí. Ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí. Èmi ò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ìjókòó ìgbìmọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Ẹnjiníà ní iṣẹ́ díẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú kejì. Ó ní òun á bá ọkọ òun lọ. Afẹ́fẹ́ fún un ní àga iwájú pátápátá, ó wá yíjú sí àwọn èrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ o. Ìyàwó mi ni ìjọba, ó sì wà nínú ọkọ̀."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ló wa bọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ méjèèjì lórí síárìn, kò kọjá àádọ́fà. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń rò ó lọ́kàn pé ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́, ó sì tún rẹwà.

Wọ́n ti rìn jìnnà díẹ̀ nígbà tí tírélà kan tó ń bọ̀ lódìkejì ọ̀nà tan iná iwájú rẹ̀, ó pa á, ó tún tàn án. Ọ̀sán gangan ni o. Mọ́tò tó tẹ̀ lé e ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ẹsẹ̀, bọ́ọ̀sì rọ̀ wálẹ̀. Àwọn mọ́tò tí wọ́n ti ń sá eré àsápajúdé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti àárọ̀, gbogbo wọn rọ̀ wálẹ̀, wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tó rí tíṣà. Ẹnjiníà fẹ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó rí afárá níwájú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe èyí tó kù nínú ìwọ̀n náà, pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń kọ mànà lọ́rùn wọn, àti ẹ̀rọ ìwọneré lọ́wọ́.

Afẹ́fẹ́ juwọ́ sí wọn. Bí wọ́n ṣe kọjá lábẹ́ afárá tán, òun náà nawọ́, ó tan iná tirẹ̀, ó pa á, ó tún tàn án, sí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí ọ̀nà ibẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fò lọ.

"Kí lo ń ṣe yẹn?" Ẹnjiníà béèrè.

"Èwo?"

"Iná tí ò ń tàn lọ́sàn-án gangan."

"À ń ṣẹ́jú fún ara wa ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ rẹ ló wà lókè yẹn. Ṣé kí n máa wò ó kí ẹlòmíì lọ kó sí wọn lọ́wọ́ ni? Ọ̀wọ̀ ni láàárín awakọ̀. Ẹni tí kò bá ṣẹ́jú fún ẹnì kejì ẹ̀, a ò ní bá a jẹun ní gáréèjì mọ́."

"Ṣùgbọ́n a kì í mú ẹnikẹ́ni! Wíwọ̀n lásán là ń wọ̀n!"

"Ta ló mọ̀yẹn? Ẹni tó bá ti wọ aṣọ ọsàn, tó na nǹkan bí ìbọn sí wa, ti ìjọba ni. A ò ní dúró béèrè."

"Ta ni ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wa ni, Màdáámù. Ta ló kù?"

Gbogbo wa! Ọ̀rọ̀ náà bá Ẹnjiníà bí omi tútù tí wọ́n dà síni lẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ tó ti wọ̀n, gbogbo wọn ni wọ́n ti kìlọ̀ fún kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe níwájú ìjọba ló fi gbogbo àkókò yẹn wọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń sáré gan-an, kò mọ̀ ọ́n rárá, òun tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹnjiníà. Ojú tì í, inú sì bí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ́ńsù rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ ló há sí.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ó ní òun fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.

"Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ọ̀gá àgbà bẹ̀ ẹ́. "Gbogbo ayé ló fẹ́ ohun tí ẹ kọ́kọ́ rí."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa dúró síwájú ìgbìmọ̀ sọ ọ́ ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ẹ ṣé. Nígbà tó jẹ́ èmi ni, màá tún un wọ̀n."

Ọkọ̀ tí kò jọ ti ìjọba ló nílò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ alágbàfọ̀ tó ní ọkọ̀ kan tó fi ń gbé aṣọ kiri. Wọ́n kọ "A Fọ̀ Ọ́, Ó Mọ́" gàdàgbà sí i lára. Ẹ̀gbọ́n gbà láti yá a lò, ṣùgbọ́n ó nàka sí i lójú. "Àbúrò, tí aṣọ oníbàárà mi bá fi lè dọ̀tí pẹ́nrẹ́n, ìwọ lo máa fọwọ́ ara ẹ fọ̀ ọ́, ẹnjiníà kò, ẹnjiníà ni."

Báyìí ni ó ṣe di pé Ẹnjiníà àti igbákejì rẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì, jókòó sínú ọkọ̀ alágbàfọ̀ ní ibùdó ìsinmi ẹ̀bá ọ̀nà, láàárín kóòtù àti gáùn tí wọ́n so rọ̀, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn díẹ̀ kí ẹ̀rọ lè ríran. Kò sí aṣọ ọsàn lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Kò sì sí awakọ̀ kankan tó ṣẹ́jú iná nítorí ọkọ̀ alágbàfọ̀.

"Ẹnjiníà, gáùn ìyàwó yìí ń wọ̀ mí lẹ́nu," Bàbá Ìbejì ráhùn.

"Ẹ pa ẹnu dé, kò ní wọ̀ yín lẹ́nu mọ́. Kí lẹ̀rọ wí?"

Ẹ̀rọ wí ohun tí wọn ò gbọ́ rí. Ọgọ́fà. Àádóje. Àádóje lé. Ogóje. Èyí tó ń sá àádọ́fà ló wá dà bí ẹni tó ṣìnà. Bàbá Ìbejì gbá ẹ̀rọ náà nídìí, ó ní ó ti ya wèrè.

"Orí ẹ̀ pé," Ẹnjiníà dá a lóhùn. "Àwa la ti ń sùn."

Ara rẹ̀ ti ń yá gágá bí ó ṣe máa ń rí tí òótọ́ bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ka iye tí ẹ̀rọ ń gbé jáde tí ó rí bọ́ọ̀sì búlúù kan ní ọ̀ọ́kán, tí ìgun rẹ̀ lápá ọ̀tún wọnú díẹ̀, níbi tí awakọ̀ rẹ̀ ti fi kan òpó gáréèjì nígbà kan. Kò nílò kó ka nọ́ńbà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bá awakọ̀ náà bẹ ọ̀gá ilé iṣẹ́ lórí ìgun yẹn. Bọ́ọ̀sì náà kọjá vùù, kóòtù àti gáùn fì lórí ìkọ́ wọn, ẹ̀rọ sì kọ méjìdínlógóje.

Bàbá Ìbejì ti dá bọ́ọ̀sì náà mọ̀. Ó dojú kọ àárín àwọn aṣọ, ó ń bá wọn gbọn eruku tí kò sí níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ẹnjiníà wá ṣe ìṣirò tí kò ṣe láti oṣù kan. Ìgbà tó ń kúrò nílé rèé, ìgbà tó ń wọlé rèé, bí ọ̀nà ṣe gùn tó rèé. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkùnrin náà ti wọlé tẹ̀rín tẹ̀rín, tó ní ọ̀nà dá, ó rí bó ṣe dé é. Mo ti sọ fún yín bí iṣẹ́ obìnrin yìí ṣe dá a lójú tó. Ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ yẹn.

Afẹ́fẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé ọmọ sókè, ó ní ọ̀nà dá. Ẹnjiníà dúró kí ọmọ lọ wẹ̀ kó tó pè é sí ilé ìdáná.

"Méjìdínlógóje," ló sọ.

"Kí nìyẹn?"

"Eré tí o sá láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Èmi ni mo wọ̀n ọ́."

Ojú Afẹ́fẹ́ yí padà. "O lúgọ dè mí?"

"Gbogbo ayé ni mo lúgọ dè. Ìwọ lo kọjá."

"Ó dáa. Mo sáré. Ta ni mo ti fara kàn rí láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀? Ọ̀nà yẹn, mo mọ̀ ọ́n ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Tí ẹ bá sì gbé gbèdéke yẹn sókè, mi ò rúfin mọ́ nìyẹn. Sọ ohun tí o kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún wọn, kí gbogbo wa sinmi."

"Gbọ́ mi dáadáa. Tí nǹkan bá já lu ọ̀nà níwájú ẹ, níbi tí bọ́ọ̀sì tó ń sá àádọ́fà ti máa dúró pátápátá, tìẹ á ṣì máa fò lọ. Bíréèkì ò mọ̀ pé o mọ ọ̀nà. Lábẹ́ àádọ́fà, o ń sá méjìdínlógóje. Lábẹ́ àádóje, kí lo máa wá sá? Lọ́jọ́ tí ọ̀gá yín bá rí i pé ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan, ṣé kò ní ní kí ẹ tún fi ìrìn àjò kan kún un ni?"

Afẹ́fẹ́ mú ife kan, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un.

"Torí kí n lè máa sùn tì ẹ́ ni mo ṣe ń ṣe é," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà."

"Ìwọ fúnra ẹ lo wá fẹ́ lọ sọ pé kí n máa sùn síta."

"Mo fẹ́ kí o wà láyé. Ibi tó bá wù ẹ́ ni kí o sùn."

Wọn ò mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ ní Afẹ́fẹ́ o," ló wí. "Ọmọ tí mo bí, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn." Ó bu omi tó wá bù, ó padà sí yàrá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ mú ìrọ̀rí kan, ó sì lọ fi pálọ̀ ṣe ibùsùn.

Lọ́jọ́ ìjókòó ìgbìmọ̀, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn awakọ̀ wà lápá kan, wọ́n dé fìlà ẹgbẹ́ wọn, alága wọn wà níwájú, Afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn, kò wo apá ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà. Ẹnjiníà dìde. Ohùn rẹ̀ ò mì. Ó sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wọ aṣọ ọsàn, ó sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ alágbàfọ̀, ó wá sọ ìdí tí méjèèjì kò fi jọra. Ó ní àṣìṣe òun ni àkọ́kọ́, òun sì ti tún un ṣe. Ó ní ní ojú òun, kí wọ́n má gbé gbèdéke náà sókè.

Alága awakọ̀ fò dìde. Ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe èrò ni. "Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ gbà mí o! Lánàá obìnrin yìí ní a ò sáré. Lónìí ó ní a ń fò. Ó wá ní a máa ń ṣẹ́jú iná fún ara wa! Ẹ̀yin awakọ̀, ta ló ṣẹ́jú iná rí nínú yín?"

"Kò sí o!" ni gbogbo wọn hó lẹ́ẹ̀kan náà.

Olórí ìgbìmọ̀ yíjú sí Ẹnjiníà. "Ṣé ẹ ní ẹlẹ́rìí?"

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó le. Ẹlẹ́rìí wà, kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n bó bá dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ọ̀rẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sì dárúkọ rẹ̀, ìgbìmọ̀ lè da ìwọ̀n òun nù.

"Mo ní," ló dáhùn. "Mi ò ní dárúkọ ẹ̀."

Ẹ̀rín bẹ́ lápá àwọn awakọ̀. Alága wọn na ọwọ́ méjèèjì sókè pé ẹ ṣáà ti gbọ́. Àárín ẹ̀rín yẹn ni àga kan ti dún gìrìrì, tí Afẹ́fẹ́ sì dìde.

"Èmi ni," ló wí. "Mo máa ń ṣẹ́jú iná. Alága wa ló kọ́ mi."

Ẹ ò rí i bí gbọ̀ngàn ṣe bú sẹ́rìn-ín! Olórí ìgbìmọ̀ pàápàá fi fáìlì bojú. Alága jókòó wọ̀ọ̀ bí àpò tí wọ́n sọ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Mo sì máa ń sáré," ló tẹ̀ síwájú. "Kí n lè bá ọmọ mi lójúfò ni mo fi ń sá a. Tí ẹ bá gbé e sókè, màá tún sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀gá mi á ní kí n fi ìrìn àjò kún ìrìn àjò, mi ò sì ní lè kọ̀ ọ́. Obìnrin tó dúró níbẹ̀ yẹn, ìyàwó mi ni. Òun ló máa kọ́kọ́ jàǹfààní tí ẹ bá gbé e sókè, òun ló sì ní kí ẹ má gbé e. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó." Ó jókòó.

Ẹnjiníà ò ríran mọ́. Omi ti kún ojú rẹ̀, ó ń ka bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìdí.

Wọn ò gbé gbèdéke náà sókè. Àádọ́fà ló wà, àádọ́fà ló ṣì ń jẹ́, wọ́n sì pàṣẹ pé láti ìgbà náà lọ, ẹni bá fẹ́ wọn eré ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ọsàn mọ́. Àwọn awakọ̀ bínú sí Afẹ́fẹ́ fún sáà kan, wọ́n kọ̀ láti bá a jẹun, kí wọ́n tó rántí pé òun ló mọ àwàdà jù nínú wọn. Ọ̀gá rẹ̀ kò lè lé e torí gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi yé e pé ẹni tó bá ṣì lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, òun ò ní béèrè bó ṣe ṣe é. Yàrá òkè gáréèjì tún padà di ti Afẹ́fẹ́. Bó ṣe ń sáré lójú ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ò bi í, òun náà ò sọ.

Ó wá di ọjọ́ ìbí ọmọ wọn. Ọjọ́ tí Dádì jẹ́ ti ìlú kejì ló bọ́ sí. Ọmọ náà ti ń sunkún láti àárọ̀ pé kó bọ̀ lónìí, lónìí nìkan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ fẹnu kò ó lórí, kò ṣèlérí kankan, ó sì jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Ẹnjiníà àti Bàbá Ìbejì tún wà nínú ọkọ̀ alágbàfọ̀. Afẹ́fẹ́ kò mọ̀ pé ọjọ́ wọn ni, ibòmíì pátápátá ni wọ́n sì dúró sí. Ẹnjiníà mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ lè ṣe nítorí ọmọ yẹn. Ọ̀nà dá, òòrùn ràn, kò sí ọlọ́pàá, kò sí aṣọ ọsàn, kò sí iná tó ń ṣẹ́jú. Bọ́ọ̀sì búlúù yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ìgun rẹ̀ ọ̀tún wọnú díẹ̀. Ó na ẹ̀rọ sí i.

Méjìdínláàádọ́fà.

Bọ́ọ̀sì náà ń lọ jẹ́jẹ́, àwọn mọ́tò ń yà á sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò wo apá ibi tí wọ́n wà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìṣirò ti parí lórí Ẹnjiníà. Ní eré yìí, kò sí bó ṣe lè padà dé lónìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó mú etí gáùn oníbàárà kan nu ojú kó tó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀?" Bàbá Ìbejì béèrè.

"Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

Ó yọ fóònù, ó pe ilé. Ìyá Àgbà ló gbé e.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ pé Dádì ẹ̀ ò ní dé lónìí. Ọ̀la la máa gé kéèkì."

"Ṣé ó pè ọ́ ni?"

"Rárá, Màmá. Mo rí i lójú ọ̀nà."

"Báwo ló ṣe ń lọ?"

"Ó ń lọ bí ẹni tó ń bọ̀ wálé," ni Ẹnjiníà dáhùn, ó sì na ẹ̀rọ sí ọkọ̀ tó kàn.